Ta Ló Ni Páìnì Ẹnu Géètì?

Tsurugi,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá, 1961

Sakuji, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà níbẹ̀? Nobue ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ-ọmọ mi kékeré tí mi ò tíì fojú kàn ńkọ́? Ara tiwa le níbí, a dúpẹ́. Òtútù ti dé. Orí òkè Hakusan ti funfun, ẹsẹ̀ mi sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀ ti ọdọọdún, ó ní òun ò gòkè, òun ò sọ̀.

Láti ìgbà ooru ni mo ti ń retí lẹ́tà rẹ. Apínlẹ́tà ti wá mọ̀ mí débi pé bó bá ti rí mi lẹ́nu géètì, á ti máa mi orí láti òkèèrè kí n má baà yọ ara mi lẹ́nu. Ṣé tòmátò tí ẹ ń gbìn ní Bùràsíìlì ọ̀hún ló gba bíró lọ́wọ́ rẹ ni? Bí ọwọ́ rẹ bá dí, sọ fún Nobue kó bá ọ kọ ọ́. Mi ò ní bínú bí ìlà rẹ̀ bá wọ́. Tìẹ náà kò fìgbà kan tọ́ rí.

Bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́. Àsìkò tí wọ́n ń fi okùn gbé ẹ̀ka igi ró de yìnyín ti dé, wọ́n ń ti àgbàlá kan bọ́ sí òmíràn. Lánàá, igi páìnì ilé dókítà ni wọ́n so, tí okùn na láti orí ọ̀pá wá sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bí agbòòrùn tí wọ́n ṣí. Kò sí yìnyín tó lè ṣẹ́ ìyẹn. Àwọn tó ń kọjá dúró wò ó, inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Páìnì ẹnu géètì tiwa ni. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, bàbá rẹ kò fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ewé rẹ̀ ti kún, ó ti dúdú, ó ti ṣú bo ara rẹ̀. Ẹ̀ka ńlá tó na bo géètì ti yọ sójú títì, ó ń ṣí fìlà lórí àwọn ènìyàn. Kiyo tó ń ta wàrà sóyà dúró síbẹ̀ níjọ́sí, ó ní, "Ìyá Sakuji, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé oníṣẹ́ ọgbà nìyí àbí ilé iwin?" Mo rẹ́rìn-ín sí i. Inú mi ò dùn.

Mo bi bàbá rẹ. Wọ́n ní, "Igi mi kọ́." Ó parí síbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì? Ẹ ò jà lójú mi. Bí ẹ bá sì jà lẹ́yìn mi, ó yẹ kí ẹnìkan sọ fún mi, nítorí èmi ni mò ń dáhùn ọ̀rọ̀ lẹ́nu Kiyo.

Mo ti di èso plọ́ọ̀mù oníyọ̀ sínú ìgò, ọkọ̀ ojú omi ni mo fi ránṣẹ́. Má jẹ ẹ́ tán kó tó kan Nobue. Kí o sì fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́ sí wa.

Ìyá rẹ,
Shige


Mogi,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, 1962

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo tẹríba fún yín. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìrora ẹsẹ̀. Oòrùn ni tiwa níbí, oòrùn tó ń jó èèyàn lórí títí fìlà fi ń rùn. Nobue ní kí n kí yín. Ẹ dárí jì mí pé mi ò tètè kọ̀wé. Ilẹ̀ tí a ń ro kì í ṣe tiwa, onílẹ̀ sì máa ń wá wò ó bóyá a sùn tàbí a jí.

Fọ́tò náà nìyí. Sayo ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ń rìn, ó ń ṣubú, ó ń bú ilẹ̀ pé ilẹ̀ ló ta òun nù.

Ẹ ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wí. Ọdún tí mo pé mẹ́rìndínlógún, Bàbá pè mí sábẹ́ páìnì yẹn. Wọ́n fọwọ́ lé ara igi náà, wọ́n ní, "Láti òní lọ, ìwọ lo ni ín." Wọ́n fún mi ní àlùmọ́gàjí tuntun. Ẹ mọ òfin ilé wa: páìnì tí ọwọ́ ẹnìkan bá ti ń tọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn kì í wọ inú rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fọwọ́ kàn án. Bí mo bá gé e ṣì, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún ọ̀fun ṣe, wọ́n á wọlé lọ. Ìwò yẹn máa ń dùn mí ju ìgbátí lọ.

Ọjọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ Bùràsíìlì fún wọn, inú ọgbà tẹ́ńpìlì la wà, à ń já ọ̀mùnú páìnì. Wọ́n ní, "Ó dára." Ọwọ́ wọn ò tiẹ̀ dúró. Ọjọ́ tí mo ń lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ wá sí ibùdókọ̀ rélùwéè.

Ìyá, ẹni tó bá pa igi rẹ̀ tì tó sì lọ, igi ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn náà mọ̀. Páìnì yẹn ti padà di tiwọn. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ kó máa hù bẹ́ẹ̀ ni, kí gbogbo àdúgbò lè rí ohun tí ọmọ wọn fi wọ́n ṣe. "Igi mi kọ́" tí wọ́n wí yẹn, ohun tó wà nínú wọn ni pé, "Ọmọ mi kọ́."

Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń dárúkọ mi?

Ọmọ yín,
Sakuji


Tsurugi,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún, 1962

Sakuji, ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oòrùn. A rí fọ́tò. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Bàbá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Etí rẹ̀ tóbi." Mo ní etí ta ló jọ? Nígbà tó yá tí mo wá fọ́tò náà lọ síbi tí mo fi í sí, mi ò rí i. Inú àpótí irinṣẹ́ wọn ni mo ti bá a, wọ́n fi aṣọ dì í.

O bèèrè bóyá wọ́n ń dárúkọ rẹ. Wọn kì í dárúkọ rẹ. Wọn kì í dárúkọ èmi náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ mi, "Ìwọ yìí" ni orúkọ mi. Má fi ìyẹn ṣe ìwọ̀n ohunkóhun.

Àsìkò ọ̀mùnú la wà yìí. Wọ́n ti yọ sókè bí àbẹ́là lára gbogbo páìnì ìlú, àwọn oníṣẹ́ ọgbà sì ń já wọn láti àárọ̀ di àṣálẹ́. Bàbá rẹ á dé tòun ti oje dúdú ní gbogbo ìka, wọn ò ní wọlé. Wọ́n á lọ dúró sábẹ́ páìnì ẹnu géètì, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa wo ọ̀mùnú tó ń gùn sí i, bí àlejò tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ onílé tó ń jóná tí kò sì lè ṣí i. Mo rí wọn láti ilé ìdáná níjẹta. Wọ́n nawọ́ sókè. Wọ́n tún fà á padà.

Rikichi wá kí wa. Ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ báyìí, ó ti sanra, ṣùgbọ́n bó bá rí bàbá rẹ, á tún di ọmọ iṣẹ́. Ó fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìyá, inú igi yẹn ti ń kú. Oòrùn ò wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀ka ńlá yẹn, orí rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù tó ní ewé." Ìwọ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ jù mí lọ. Níbi tí ewé bá ti tán lára páìnì, nǹkan kan kì í tún hù níbẹ̀ mọ́.

Nígbà yìnyín tó kọjá, ẹ̀ka náà ń dún ké-ké lórí géètì bíi kó já. Mi ò fojú ba oorun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bàbá rẹ tún ń wúkọ́. Wọ́n ní eruku ni. Mi ò rí eruku kankan.

Wá sílé, Sakuji. Kódà kó jẹ́ oṣù kan ni. Wá gé igi rẹ tàbí igi wọn, ẹni yòówù kó ni ín, kí ẹ̀yin méjèèjì sì bá ara yín sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ó ti sú mi láti máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kì í sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ,
Shige


Tsurugi,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, 1962

Sakuji,

Ṣé o rí lẹ́tà mi? A ti ṣe àjọ̀dún àwọn òkú wa, a tan fìtílà sí ẹnu géètì fún wọn. Àwọn òkú ti wá, wọ́n ti padà lọ. Ìwọ tó wà láàyè ni a kò gbúròó.

Ikọ́ náà kò lọ.

Shige


Mogi,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, 1962

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Mo tẹríba, mo tún tẹríba. Yìnyín wẹ́wẹ́ já lu tòmátò wa, ó fọ́ ọ tán. Odindi oṣù ni mi ò lè di bíró mú. Nobue sì ti tún lóyún, ó ń bì láti àárọ̀ di alẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ẹrù báyìí kí n ní mo ń lọ sílé? Ẹ ṣàánú mi. Mi ò lè wá lọ́dún yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀ka yẹn ya lu ẹnikẹ́ni, mi ò sì fẹ́ kí Kiyo máa fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti kọ̀wé sí Rikichi. Ọwọ́ Bàbá kan náà ni èmi àtòun ti kọ́ṣẹ́, ó mọ bí Bàbá ṣe ń fẹ́ kí páìnì rí. Mo ní kó wá lóṣù kọkànlá, kó gé e, kó fa ewé àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, kó sì so okùn kí yìnyín tó dé. Mo ní kó ṣe é bó bá ti rí i pé ó yẹ. Ó ti dá mi lóhùn pé òun á ṣe é kí oṣù náà tó parí.

Ẹ sọ fún Bàbá pé èmi ni mo rán an. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mi ò gbàgbé ẹnu géètì wa. Bóyá wọ́n á dárí jì mí díẹ̀. Inú mi ti fúyẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti kọ lẹ́tà yẹn, kódà Nobue ní mò ń súfèé lóko.

Ẹ fún wọn ní oyin kí wọ́n lá fún ikọ́ náà.

Ọmọ yín,
Sakuji


Tsurugi,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá, 1962

Sakuji,

Má retí ìkíni lónìí.

Kí n tó rójú sọ ohun tí o kọ fún bàbá rẹ ni Rikichi dé ní Ọjọ́rú pẹ̀lú àkàsọ̀ àti okùn. Bàbá rẹ ń mu tíì lẹ́bàá iná. Rikichi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀gá, mo wá ṣe páìnì ẹnu géètì."

Bàbá rẹ ní, "Ta ló rán ọ?"

"Sakuji ni, Ọ̀gá. Ó kọ̀wé sí mi."

"Òun fúnra rẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Lẹ́tà rẹ̀ wà lápò mi níbí. Ṣé kí n kà á fún yín?"

"Rárá."

Wọ́n gbé ife kalẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé e jáde. Wọ́n wá dìde, wọ́n wọ aṣọ ìgúnwà wọn, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì lọ́dún tuntun. Wọ́n jáde sábẹ́ páìnì. Wọ́n tẹríba fún Rikichi. Bàbá rẹ o! Fún Rikichi tí wọ́n ti máa ń kó ìkúùkù bo orí rẹ̀! Wọ́n ní, "A jẹ́ pé ọwọ́ yín ló wà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀."

Wọ́n pè é ní "ẹ", Sakuji.

Ẹnu Rikichi là sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, kí lẹ ń ṣe báyìí? Èmi ni mà, èmi Rikichi." Wọ́n di àkàsọ̀ mú fún un. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló di àkàsọ̀ mú fún un láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú òjò tó dàpọ̀ mọ́ yìnyín, wọn ò sì gbà kí n fi agbòòrùn bò wọ́n.

Nígbà tó kan ẹ̀ka ńlá, Rikichi ké láti òkè. Ó ní, "Ọ̀gá, inú rẹ̀ ti kú. Bí mo bá gé e kúrú, kò ní hù mọ́. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ báyìí, yìnyín á fà á ya mọ́ ara igi. Kí n ti ṣe é?" Bàbá rẹ ní, "Ẹ̀yin lẹ ni igi." Rikichi fi ayùn sí i. Ó ń sunkún bó ṣe ń rẹ́ ẹ. Ẹ̀ka náà bọ́ sílẹ̀, bàbá rẹ fúnra wọn ni wọ́n wọ́ ọ lọ sẹ́yìnkùlé.

Wọ́n padà wọlé, wọ́n mú àlùmọ́gàjí kan kúrò lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti ń rí i níbẹ̀ tipẹ́, mo ń rí wọn tí wọ́n ń fi òróró pa á, mo rò pé tiwọn ni. Tìẹ ni. Wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Rikichi. Ó kọ̀, wọ́n ki í bọ inú àpò rẹ̀.

Wọ́n jókòó, wọ́n wá ní, "Kò ní wá mọ́."

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ní, "Òun ló sọ ọ́. Ẹni tó bá ń padà bọ̀ kì í rán ọwọ́ ẹlòmíràn sínú igi rẹ̀. Mo ti ń pa á mọ́ dè é."

Ṣé o gbọ́? Wọn ò bínú sí ọ. Wọn ò bínú rí. Igi rẹ ni, nítorí náà ni wọn ò ṣe fọwọ́ kàn án, wọ́n sì gba ẹ̀gàn gbogbo ìlú mọ́ra nítorí rẹ̀. Ìwọ rò pé wọ́n ń fìyà jẹ ọ́. Èmi náà ò gbọ́n, mi ò bi wọ́n débi tó yẹ. Nísinsìnyí wọ́n rò pé o fi igi sílẹ̀, o sì fi àwọn náà sílẹ̀.

Kọ̀wé sí wọn. Má kọ ọ́ sí mi, àwọn gan-an ni kí o kọ ọ́ sí. Fi ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́. Sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Ọjọ́rú yẹn ni wọ́n ti dùbúlẹ̀, ikọ́ náà ti wọ̀ wọ́n láyà. Sáré, Sakuji.

Ìyá rẹ


Mogi,
Ọjọ́ keje, oṣù kìíní, 1963

Bàbá mi,

Mi ò kọ̀wé sí yín rí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Omi gbé afárá wa lọ, àná ni lẹ́tà Ìyá tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò tíì sùn láti ìgbà tí mo ti kà á.

Bàbá, igi mi ni. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo rò pé ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi ni, mo rò pé ẹ ò fẹ́ rí mi mọ́. Òmùgọ̀ ni mí. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ láti wo igi kí n sì mọ ibi tó ń dùn ún, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè wo ojú yín. Rikichi tí mo rán, mo rán an kí ẹ má baà máa tijú nítorí mi ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń pa nǹkan mọ́ fún mi. Bí mo bá mọ̀, ǹ bá ti fi ẹsẹ̀ rin òkun.

Ẹ gba àlùmọ́gàjí mi padà lọ́wọ́ Rikichi. Ẹ fi í kọ́ sórí ìṣó rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ń kúrò ní èbúté Santos ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, mo ti gba àyè nínú rẹ̀. Nobue ní kí n lọ, ìyá rẹ̀ á wá jókòó tì í bó bá fẹ́ bí. Kí ọ̀mùnú tó le lóṣù karùn-ún, màá ti dé. Èmi ni màá já wọn. Ẹ̀yin ẹ kàn dúró nísàlẹ̀ kí ẹ máa tún ọ̀fun ṣe bí mo bá ṣì í. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ní ti ẹ̀ka tó lọ, kò burú. A ó kọ́ ẹ̀ka mìíràn láti na síbẹ̀, bó bá gba ogún ọdún. Ẹ ṣáà dúró dè mí. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Bàbá. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ rí nínú ilé wa, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.

Ọmọ yín,
Sakuji


Tsurugi,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 1963

Sakuji, ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Fún Nobue ní ọmọ kó gbé e dání.

Irú yìnyín tó já lọ́dún yìí, àwọn àgbà ìlú ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ó dé òrùlé. Rélùwéè dúró, títì di, ojú fèrèsé òkè la ń gbà wọlé tí a ń gbà jáde. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìwé ìròyìn, dókítà pàápàá so pátákó mọ́ ẹsẹ̀ kó tó lè rìn lórí yìnyín dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dé lẹ́ẹ̀kan. Ó ní àyà wọn ti kún.

Bàbá rẹ kú ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá, ní àárọ̀. Rikichi àti àwọn ọkùnrin àdúgbò ló gbẹ́ ọ̀nà jáde fún wọn. A ti sun òkú wọn, a ti kó eegun wọn wálé.

Lẹ́tà rẹ dé lẹ́yìn ìyẹn. Apínlẹ́tà gun yìnyín wá, ó ń lu fèrèsé òkè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ẹ yọ̀! Ti Bùràsíìlì nìyí!" Mi ò jẹ́ kó mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní tíì gbígbóná. Nígbà tó lọ, mo kà á sókè níwájú pẹpẹ ilé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ka ibi tí o ti ní o nífẹ̀ẹ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí etí wọn ti di nígbẹ̀yìn.

O máa fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ kí wọ́n tó lọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ kí n lè pẹ̀tù sí ọ nínú. Wọ́n bèèrè bóyá páìnì gbé yìnyín dúró. Mo ní ó gbé e, kò sí ẹ̀ka tó ṣẹ́. Wọ́n ní, "Rikichi ṣe é dáadáa." Mo bi wọ́n pé ṣé kí n bá wọn sọ nǹkan fún Sakuji. Wọ́n ní, "Sọ fún un kó má gbin páìnì sí Bùràsíìlì níbẹ̀ bí kò bá ní dúró tì í."

Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tó ti ń yún mi lẹ́nu láti ọdún tí o ti lọ, pé kí ló dé tí wọn ò sìn ọ́ dé ibùdókọ̀. Wọ́n ní àwọn wà lórí àkàsọ̀ nílé dókítà, níbi tí rélùwéè ti ń yà. Wọ́n ní àwọn rí ọ lójú fèrèsé nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá. Apá òdìkejì lo kọjú sí.

Ṣì máa bọ̀. Mo ti tẹ́ ibùsùn rẹ sílẹ̀.

Ìyá rẹ,
Shige


Mogi,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, 1963

Ìyá mi,

Mo dé Santos. Mo dúró sí etí omi pẹ̀lú àpótí mi. Ọkọ̀ náà lọ, mi ò sí nínú rẹ̀.

Ẹ má bi mí. Ẹsẹ̀ mi ò gbéra ni. Bàbá ti lọ, ẹ̀ka ti lọ, igi ti di ti Rikichi. Ta ni mo fẹ́ wá rí?

Sakuji


Tsurugi,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún, 1963

Sakuji,

Ó tó oṣù méjì tí lẹ́tà rẹ ti wà níwájú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ èsì lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì fi í dáná. O bèèrè pé ta ni o fẹ́ wá rí. Èmi ńkọ́? Ṣé ọwọ́ tó ń kọ lẹ́tà nìkan ni mí lójú rẹ? Èmi ni mo bí ọ. Èmi ni mo wá sí ibùdókọ̀. Èmi ni mo dúró síbẹ̀ tí mò ń ju ọwọ́ títí ọkọ̀ fi lọ, tí àwọn ènìyàn fi ń wò mí. O rántí ẹni tí kò wá, o gbàgbé ẹni tó wá.

Mo ti sọ ìyẹn. Ó ti kúrò nínú mi. Bá mi kí Nobue kú ewu, kú ọwọ́ lómi o, mo gbọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ pé ọkùnrin ni. Ṣé etí rẹ̀ tóbi?

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ igi fún ọ. Ọ̀mùnú ti yọ. Rikichi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró sí ìta géètì, kò wọlé. Ó gbé àlùmọ́gàjí rẹ sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, aṣọ tí bàbá rẹ fi wé e ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mi ò lè gùn ún. Ọ̀gá fún mi nítorí wọ́n ṣi Sakuji gbọ́. Igi tí wọ́n fún mi pẹ̀lú ìbànújẹ́ báyẹn, ọwọ́ mi ò lè wọ inú rẹ̀."

Mo ní, "Ta ló wá ni ín?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀ o, Ìyá. Kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú mi rí."

Ọ̀mùnú kì í dúró de ẹni tó ń ronú. Mo wo igi náà fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n ń gùn sí i. Lánàá mo ká aṣọ mi sókè, mo gbé àkàsọ̀ bàbá rẹ, mo gun ún. Èmi tí ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ewé kan rí nínú ilé yìí, tí iṣẹ́ mi kò ju kí n gbá ohun tí ẹ bá gé lọ. Rikichi ń kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ó ní, "Ìyá! Ẹ sọ̀kalẹ̀! Ẹsẹ̀ yín!" Mo ní kó fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, kó sọ èyí tí màá já fún mi. Ó dúró nísàlẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn bíi ti bàbá rẹ, ó ń sọ ọ́. "Èyí tó gùn jù láàárín nì, ẹ já a tán. Èyí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ dá a sí ìdajì. Rárá o, ọ̀tún, Ìyá, ọ̀tún!" Oje rẹ̀ ti mọ́ mi ní gbogbo ìka, ọṣẹ ò ràn án. Mo ń gbóòórùn bàbá rẹ lọ́wọ́ ara mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ibi tí ọwọ́ mi dé ni mo já. Lókè pátápátá, mi ò lè dé ibẹ̀, ó ń hù bó ṣe wù ú. Àlùmọ́gàjí rẹ ti padà sórí ìṣó rẹ̀. Mi ò fi òróró pa á.

Mi ò ní pè ọ́ mọ́, Sakuji. Ṣùgbọ́n mọ èyí: igi yìí kì í ṣe ti bàbá rẹ mọ́, kì í ṣe ti Rikichi, kì í sì í ṣe tìẹ. Tèmi ni. Bí o bá dé, bí mo bá ṣì wà, ọwọ́ mi ni kí o ti wá tọrọ rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dúró sí ẹnu géètì láti wo apínlẹ́tà, ẹ̀ka ńlá yẹn máa ń bò mí, òjò kì í kàn mí, mi ò sì fìgbà kan rò ó wò pé òun ló ń bò mí. Mo jáde lọ dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Apínlẹ́tà mi orí láti òkèèrè. Mo ti wọlé, irun mi ò tíì gbẹ.

Ìyá rẹ,
Shige